Ohun tí orin títà ní Tákíè kọ́ mi nípa etí èèyàn

Bí o bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí èèyàn, má wulẹ̀ bi í. Ní kó dárúkọ orin tó fẹ́ràn jù, kí o máa ṣírò nínú ara rẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mi orí díẹ̀ kó tó dárúkọ Yusuf Ọlátúnjí, dọ̀bálẹ̀ kí i. Ẹni tó bá ní Shina Peters ni òun fẹ́, ó ti ń na ìwé jìnnà sójú kó tó lè kà á báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì gbà kí àwọn ọmọ ọlọ́kadà máa pe òun ní bàbá. Ẹni tó bá ní “èyí tó wà lóde ṣá,” ọmọdé ni, tàbí kó jẹ́ pé ó ń tijú.

Iṣẹ́ orin títà ni mo fi ń jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé dátà. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa, ọdún kan nínú ayé ara wọn ni wọ́n ń wá; orin ni wọ́n kàn fi ń júwe rẹ̀. “Èyí tó jáde nígbà tí mo wà ní girama.” “Èyí tí wọ́n lù níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi.” Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ nǹkan yìí di òwò tó ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òwò kan náà ni, àwọn ibì kan sì wà tí tiwa fi dáa ju tiwọn lọ. Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀.

Ayé Abacha ni mo wọṣẹ́. Ìtòsí ìkóríta Tákíè ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, sípíkà méjì dojú kọ títì, kásẹ́ẹ̀tì kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè àjà. A ń ta tuntun, a sì ń dọ́bù fún ẹni tó bá gbé téèpù òfìfo wá, ọlọ́gọ́ta ìṣẹ́jú tàbí aláàádọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń bi mí nísinsìnyí pé ṣé àwọn olórin fún wa láṣẹ, èmi náà a bi í pé ta ni à bá bi nígbà náà. Bí NẸPA bá ti mú iná lọ, báírò la fi ń yí téèpù padà sẹ́yìn, kí bátìrì oníbàárà má baà tán lórí yíyí lásán. Iṣẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn, ọrùn ọwọ́ mi kò sì tíì gbàgbé ẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe Èkó. Ohun tó ń tà wàràwàrà ní Aláàbà lè dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí eruku á fi bò ó. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tó bá wọ̀lú láti oko a máa béèrè ìjálá Ògúndáre Fóyánmu, ọmọ bíbí ìlú wa, wọn kì í sì í nájà lórí ẹ̀. Ìlọrin ò jìnnà sí wa, nítorí náà dadakúàdà Odòlayé Àrẹ̀mú náà ń rìn dáadáa. Àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù Onítẹ̀bọmi fẹ́ràn Ebenezer Obey, torí wọ́n lè gbé e sí i lọ́jọ́ Ìsinmi láìsí pé ẹnikẹ́ni máa wò wọ́n ní ìwò kan. Ti àwọn awakọ̀ ni Barrister àti Kollington. Barrister láàárọ̀, Kollington lálẹ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní.

Àpótí kan wà lábẹ́ káńtà tí ọ̀gá mi kọ ÀTIJỌ́ sí lára. Nígbà tí mo débẹ̀, I.K. Dairo, Haruna Ìṣọ̀lá àti Yusuf Ọlátúnjí ló wà nínú ẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, Àyìnlá Ọmọwúrà wọ inú àpótí. Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 2000, ọjọ́ kan ni mo ṣàdédé rí Shina Peters níbẹ̀. Shina Peters! Ẹni tó jẹ́ pé lọ́dún 1989 tí àwo rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ace jáde, òun gan-an ni tuntun, òun ni àwọn òbí ń sọ pé ó fẹ́ ba ọmọ àwọn jẹ́. Èmi kọ́ ni mo kó o síbẹ̀. Àwọn oníbàárà ni wọ́n kó o síbẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ yunifásítì LAUTECH kan wọlé, ó ní òun ń wá “àwọn orin àtijọ́ yẹn, bíi ti 9ice.” Ọdún 2008 ló ń sọ. Mo wá àga jókòó.

Nítorí àpótí yẹn ni mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ pé orin ayé àtijọ́ ló dáa jù. Àtijọ́ wo? Ẹni tó bá sọ ọ́, mo mọ ọdún tó ń tọ́ka sí: ọdún tí irùngbọ̀n ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni.

Ìwádìí kan wà tí mo kà, àfi bíi pé ẹni tó ṣe é ti dúró lẹ́yìn káńtà wa rí. Obìnrin onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Carol Krumhansl ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, òun àti olùwádìí kan ló jọ gbé e jáde lọ́dún 2013. Wọ́n mú àwọn orin tó gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún láti 1955 títí dé 2009, wọ́n gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì gbọ́, wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ló mú wọn rántí nǹkan, èwo ló dùn mọ́ wọn. Orin ìgbà tiwọn ló lékè, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ìrántí tún pọ̀ sí i lójijì níbi orin tó wà lóde nígbà tí àwọn òbí wọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ó tún pọ̀ díẹ̀ níbi orin àwọn ọdún 1960; àwọn olùwádìí ní ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn òbí àgbà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ pé orin ìgbà náà ló dára jù.

Mo ti rí èyí lójú ayé kí n tó kà á. Nígbà tí mo ní ibì kan ní Under G, àdúgbò àwọn ọmọ LAUTECH, àwọn ọmọbìnrin méjì-mẹ́ta ló wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: orin tí bàbá àwọn máa ń gbé sí i láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n bá ń fọ ilé. Wọn ò mọ orúkọ olórin. Wọn ò mọ orúkọ orin. Ọ̀kan nínú wọn fi imú kọ ọ̀nà jìtá rẹ̀ fún mi, ó sì kọ ọ́ péye, Sunny Adé ni.

“Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀ nígbà náà?”

“Rárá o, bọ̀dá. Mo kórìíra ẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.”

“Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kàn fẹ́ fi fọ yàrá òun ni.

Kí n tó débi sítírímù, ìyẹn gbígbọ́ orin tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sáré gba àárín kọjá. Síídì dé, ó lọ. Síídì MP3 tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń kó gbogbo orin tí olórin kan ti kọ láyé ẹ̀ sí, wọ́n á wá fi fọ́tò olórin mìíràn sẹ́yìn pálí. Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù, mo ń kún mẹ́mọ́rì fóònù fún àwọn ọmọ iléèwé. Àsìkò mẹ́mọ́rì yìí, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń ṣàárò ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju ti kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ìdí ni pé mo máa ń rí gbogbo ohun tó wà nínú fóònù oníbàárà kí n tó fi tèmi sí i. Mo mọ ohun tó ń gbọ́, mo sì ń fi ènì sí i. Bí ọmọ bá ní kí n kó orin tàkasúfèé ogójì fún òun, màá fi orin wákà Batile Àlàkẹ́ kan há a láàárín, tàbí Orlando Owoh kan. Mi ò ní sọ fún un. Àwọn mìíràn máa ń padà wá bínú pé kí ni màmá arúgbó ń ṣe nínú fóònù àwọn. Àwọn mìíràn máa ń padà wá béèrè pé ṣé màmá náà kọ òmíràn.

Ẹ̀rọ tó ń yan orin fún yín lórí fóònù lónìí, òun náà ń fi ènì sí i. Orin tí o yàn bá parí, òun fúnra rẹ̀ á gbé òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ènì tó jẹ́. Ó ń wo ohun tí o ti gbọ́, ó ń wo èyí tí o fò, ó ń wo ohun tí àwọn mìíràn tó gbọ́ irú tìrẹ tún gbọ́, ó wá ń bù ú fún ọ látinú agolo kan náà. Ó dùn. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Àmọ́ ọmọ tó ń gbọ́ tàkasúfèé, ó máa pẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn tó ju wákà sí i lójijì bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí bí ọmọ náà bá bínú fò ó, àkọsílẹ̀ ni ìyẹn lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Èmi kì í ka ìbínú wọn sí.

Boomplay, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí fóònù, ló kọ́kọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti ń bá fóònù Tecno wá láti inú páálí. Audiomack tẹ̀ lé e, YouTube ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Spotify sì wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2021. Kò sẹ́ni tó máa fún mi lówó kún mẹ́mọ́rì mọ́. Mo ń ṣe POS, mo ń tún fóònù ṣe, mo sì ń fetí sí ohun tí wọ́n ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dúró dè mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni ti gígùn orin. Àwo jùjú àtijọ́, ojú kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, orin kan sì lè gbà á tán láìdúró. Jìtá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gángan á dá a lóhùn, olórin ò tíì yanu. Kò kánjú, torí ó mọ̀ pé ẹ ti jókòó, ọtí ti délẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ mi gbé ọ̀kan sí i lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí àwọn olórin tuntun tó fẹ́ràn ń dárúkọ Sunny Adé. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tó ti fò ó. “Kò tètè bẹ̀rẹ̀,” bẹ́ẹ̀ ló wí. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀, kódà ibi tó dùn jù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yẹn.

Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà nìkan. Lórí Spotify, bí èèyàn bá ti gbọ́ orin dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ti kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Orin ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀kan. Orin ogún ìṣẹ́jú tí ẹgbẹ́ eléré tó kún pẹpẹ lù títí òógùn fi bọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ní àkókò tí ènìyàn fi gbọ́ ojú àwo kan tán, ó ti lè gbọ́ orin kékeré mẹ́wàá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nínú ìwé wọn. Olórin wo ni kò ní gé orin rẹ̀ kúrú? Ègbè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí ìka ọmọ tó dé ibi tí yóò ti fò ó. Nígbà tí mo ti ṣírò èyí yé ara mi, mo dẹ́kun bíbínú sí àwọn olórin tuntun. Ọjà ni wọ́n ń ná. Àwọn ti ayé jùjú náà ń ná ọjà tiwọn: òde ni wọ́n ti ń rówó, ẹni tó bá ń náwó lóde kì í fẹ́ kí orin òun tètè tán.

Ibi tí owó ti wọ inú orin yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ò ti lè ṣe iṣẹ́ tèmi. Ẹ mọ̀ pé jùjú àti fújì kún fún kíkí èèyàn. Oníṣòwò, bàbá ìsàlẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, onímọ́tò. Bí wọ́n bá ti ná an fún olórin, orúkọ wọn á wọ inú àwo. Àìmọye ìgbà ni èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé kò wá olórin kankan. “Àwo tí wọ́n ti ki bàbá mi” ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá mi ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé, èyí tí tábìlì ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, la fi ń ṣe é: orúkọ àwo, ojú kìn-ín-ní tàbí ìkejì, orúkọ ẹni tí wọ́n kì, ibi tó bọ́ sí. Àwọn ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Eku ti jẹ etí díẹ̀ nínú wọn.

Obìnrin kan tó ń gbé ní London rí nọ́ńbà mi gbà lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, ó pè mí lórí WhatsApp. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀ nígbà ayé wọn, gbogbo ilé ló mọ̀ pé olórin jùjú kan kì wọ́n nínú àwo kan ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n àwo ti fọ́, ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ sì ti kú. Ó ti kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wá orin. Kò rí nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe rí i? Ohun tí ẹni tó gbé orin sókè bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ mọ̀, ohun tí ẹni náà sì tẹ̀ ni “Ojú Kìn-ín-ní.” Orin tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́fà lára páálí àwo, pẹ̀lú àkòrí mẹ́fà, ti di “Ojú Kìn-ín-ní.” Ọdún tí wọ́n tún kọ sí i, ọdún tí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Bí ọmọ tí kò mọ̀ bá wò ó, á rò pé ẹgbẹ́ Wizkid ni olóògbé náà.

Mo yẹ ìwé wò, mo rí orúkọ náà. Mo fi àwo tó wà lórí fóònù ránṣẹ́ sí i, mo ní kó lọ sí ìdajì, kó máa fetí sílẹ̀ láti ibẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tó tún pè.

“Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ orúkọ bàbá mi.”

“Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.”

“Àmín. Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tí wọ́n ní wọ́n jọ wà níbẹ̀ yẹn… ìyá mi kọ́.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ṣé kí n bá a wá àwo mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń ta ìrántí fún èèyàn bí ohun dídùn tí kò légungun nínú. “Ọdún 90 dídùn.” “Àwọn orin ìgbà èwe rẹ.” Pléélísìtì ló kún gbogbo ibẹ̀ pẹ̀lú irú àkòrí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó o jọ kò mọ ẹni tó kú nílé rẹ lọ́dún náà, tàbí ẹni tí bàbá rẹ ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n òwò gidi ni. Ní Amẹ́ríkà, orin tí wọ́n ń pè ní ti àtijọ́ lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo orin tí wọ́n ń gbọ́. Kí ẹ tó pariwo, ẹ mọ̀ pé orin tó bá ti ju oṣù méjìdínlógún lọ ni wọ́n kà sí àtijọ́ nínú ìṣirò yẹn. Oṣù méjìdínlógún! Aṣọ ẹbí wà nílé mi tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ti àwọn tó pẹ́ gan-an náà ń ṣẹlẹ̀. Orin kan tí Kate Bush, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, kọ lọ́dún 1985 tún jí ní 2022 nítorí pé wọ́n lò ó nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí àwọn ọmọdé ń wò. Ó gun ipò kìn-ín-ní nílùú Ọba lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógójì. Àwọn tó gbé e débẹ̀, a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tó kọ́kọ́ jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà tí mo fi rí i yàtọ̀, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2022 náà ni Burna Boy gbé Last Last jáde, ohùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá látinú orin tí Toni Braxton kọ ní 2000. Orin Braxton yìí wà nínú kọ̀ǹpútà mi láti ayé mẹ́mọ́rì. Mo gbé e sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń dúró de fóònù rẹ̀ gbé orí sókè, ó ní: “Ha, obìnrin yìí jí orin Burna!” Mo ṣàlàyé fún un. Kò gbà mí gbọ́ títí ó fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ó wá lọ gbọ́ gbogbo àwo Toni Braxton, ó sì padà wá bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bíi pé òun ló ṣàwárí rẹ̀. Nítorí irú èyí ni mi ò ṣe lè fi sítírímù ré. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè yẹn ì bá kú sí ṣọ́ọ̀bù ni, àfi bí mo bá ní téèpù rẹ̀.

Ti owó wá ńkọ́? Owó tí àwọn oníbàárà bá dá jọ ni iléeṣẹ́ ń pín, gẹ́gẹ́ bí ìpín olórin kọ̀ọ̀kan ṣe tó nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́. Láti 2024, lórí Spotify, orin tí kò bá dé ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín oṣù méjìlá kì í gba kọ́bọ̀ fún gbígbà sílẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kò tó nǹkan fún ọmọ Èkó. Fún onírárà tó ń kọrin fún agbolé mẹ́rin ní ẹ̀yìn Ọ̀yọ́, òkè ni. Olórin ìbílẹ̀ kan lágbègbè wa ní kí n bá òun gbé orin òun sókè. Mo bá a ṣe é, mo sì sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un kó má baà gbójú lé e. Ó ní òun ò wá owó níbẹ̀. Ohun tó ń wá ni pé kí àwọn ọmọ òun tó wà ní Canada rí ohun tí wọ́n á máa gbọ́ bí òun bá kú. Mo gbé e sókè, mo sì tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó kì nínú rẹ̀ sí abẹ́ orin náà lẹ́yọ lẹ́yọ, títí kan ti ìyàwó kejì.

Íápíìsì ni mi ò tíì bá dọ́rẹ̀ẹ́. Sípíkà méjì tó dojú kọ títì ní Tákíè, àwọn tí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ lápò ń fi gbọ́ orin. Alágbàrù á sọ ẹrù, á jó díẹ̀, á tún gbé e. Ìyá onírú á ní kí a yí i padà, àwọn ọmọ á ní kí a má yí i. Iyàn ni a fi ń yan orin. Nísinsìnyí ọmọ mẹ́rin á jókòó sórí bẹ́ńṣì kan níwájú mi, orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà létí wọn. Ibi tí a ṣì ti ń gbọ́ orin pọ̀ náà ni òde, ìdí nìyẹn tí àwọn DJ fi wá di oníbàárà mi tó kù.

DJ kan wá bá mi láìpẹ́ yìí, ó ní bàbá kan fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, kí n bá òun to orin. Ọgbọ́n kan ni mo ń lò, kò sì le. Ọdún 1955 ni wọ́n bí bàbá. Ó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí. Nítorí náà, láti 1970 sí nǹkan bí 1980 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà: Obey, Sunny Adé, Dele Abíọ́dún, Ọmọwúrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà ní nǹkan bí 2000, àwọn náà sì ti gbọ́ ti bàbá wọn nínú ọkọ̀. Ohun tó bá àwọn méjèèjì mu ni Musiliu, ọmọ Haruna Ìṣọ̀lá, tó gbé àpàlà bàbá rẹ̀ padà wá fún àwọn ọmọ ìgbà yẹn. Fún àwọn ọmọ-ọmọ, Asake. Mo ní kí DJ má bẹ̀rù, kó fi Asake há àárín fújì. Àwọn àgbà máa gbọ́ ègbè rẹ̀, wọ́n á sì rò pé ẹni àwọn kan ló ti jí dìde. Mo wá fi ìjálá kan sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé ọdẹ ni bàbá tó bí ọlọ́jọ́ìbí.

Òde náà kún. Wọ́n ní nígbà tí ìjálá bọ́ sí i, bàbá kúrò lórí àga, ó kọrin náà títí dé òpin láìgba makirofóònù. DJ ti gbé àtòpọ̀ náà sórí Audiomack pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn sì ń gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ. Gbogbo bí mo ṣe tò ó ló wà, àfi ìjálá. Ó ní kò tètè bẹ̀rẹ̀.